Tóòbáà oníbóòtù fún Hilux: irin rẹ̀ dára, àwọn wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́

Tóòbáà ni irin tí ọkọ̀ fi ń fa tírélà, ìyẹn kẹ̀kẹ́ ẹrù tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀; èyí tí à ń sọ yìí ni èyí tí wọ́n ń fi bóòtù dè mọ́ ṣáàsì Hilux lábẹ́ bọ́ńpà ẹ̀yìn. Ó ní ihò onígun mẹ́rin tó fẹ̀ ní ínǹṣì méjì, apá irin kan ń wọ inú ihò náà, bọ́ọ̀lù sì jókòó sórí apá yẹn. Tuntun wà, tòkúnbọ̀ wà. Ní Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ ojú omi onífáíbà ni wọ́n sábà máa ń fi fà lọ sétí ọ̀sà, tàbí jẹnẹrétọ̀ tó wà lórí táyà. Fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, owó tí wọ́n ń gbà lórí irin náà tọ́ sí i. Àwọn nǹkan kéékèèké tí wọ́n ń kó mọ́ ọn nínú páálí ni kò dáa tó.

Wẹ́dà á ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí òun jó o mọ́ ṣáàsì, pé bóòtù máa ń tú. Ẹ má gbà fún un. Iná wẹ́dà ń yí bí irin ṣáàsì ṣe le padà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n jó, ibẹ̀ náà ló sì máa ń là nígbà tí ẹrù bá ń jù ú sókè sódò nínú kòtò. Ihò tí ilé iṣẹ́ ti lu sára ṣáàsì ni tóòbáà yìí ń lò. Ẹ wo orí bóòtù kọ̀ọ̀kan: 8.8 tàbí 10.9 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Èyí tí orí rẹ̀ bá mọ́ lóló, tí kò ní nọ́ńbà kankan, bóòtù géètì ni, kó padà sí géètì. Òótọ́ ni pé bóòtù máa ń tú, torí ọ̀dà tó wà láàárín irin méjèèjì máa ń fẹ́lẹ́ sí i bí ẹrù bá ti ń fún un. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ tún gbogbo rẹ̀ dì lẹ́yìn kìlómítà 1,000 àkọ́kọ́.

Ara bọ́ọ̀lù ni ìjàngbọ̀n pọ̀ sí jù. Tóòbáà tó ti Amẹ́ríkà wá sábà máa ń gbé bọ́ọ̀lù ínǹṣì méjì wá, ìyẹn mìlímítà 50.8. Tírélà tó bá ti Yúróòpù wá, ti mìlímítà 50 ni ẹnu tiẹ̀ tó ń bo bọ́ọ̀lù. Ojú lásán ò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, ẹnu tírélà lè má wọlé tán, ọwọ́ tí wọ́n fi ń tì í ò sì ní sùn sílẹ̀ dáadáa. Ọmọ iṣẹ́ á wá fa hámà yọ. Ohun tó bá ti gba hámà, kò bára mu. Èyí tó léwu jù ni bọ́ọ̀lù kékeré, tó jẹ́ mìlímítà 47.6, lábẹ́ ẹnu tí wọ́n ṣe fún ínǹṣì méjì. Á tì, á dún kó, ẹ ó sì rò pé ó ti parí. Bọ́ńpù kan péré ló máa fi fò kúrò lórí bọ́ọ̀lù.

Wọ́n máa ń tẹ iye rẹ̀ sórí bọ́ọ̀lù, wọ́n á sì tẹ ti ẹnu tírélà sára òun náà. Níbi tí ìpatà bá ti jẹ ẹ́, ẹ fi kálípà, ìyẹn irin tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe fẹ̀ tó, wọ̀n ọ́n. Bọ́ọ̀lù mìlímítà 50 tó bá ti jẹ wọ 49 níbikíbi, ẹ jù ú nù. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti so ó, ẹ gbé jáàkì sábẹ́ ọrùn tírélà, kẹ́ ẹ fi gbé e sókè títí ẹ̀yìn Hilux á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra. Bí ẹnu náà bá já kúrò, ẹ má gbéra nílé.

Nọ́ọ̀tì abẹ́ bọ́ọ̀lù náà, ọwọ́ lásán ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì fi ń dì í. Bí ìdí bọ́ọ̀lù bá nípọn ní ínǹṣì kan, agbára ìdì bíi 340 Nm ló ń fẹ́: ẹ ki páìpù mítà kan bọ sípánà, kẹ́ni kan fi ìwúwo bíi kìlógíráàmù 35 tẹ orí páìpù náà. Píìnì tó ń di apá mú nínú ihò gbọ́dọ̀ jẹ́ mìlímítà 16, kí kílíìpù rẹ̀ sì wà lẹ́nu rẹ̀. Irin ọ̀pá tí wọ́n fi ń ṣe dẹ́kìn kì í ṣe píìnì o. Ṣéènì méjèèjì, ẹ gbé wọn kọjá ara wọn lábẹ́ ọrùn tírélà, kí wọ́n lè gbé e bó bá já, kó má bàa kanlẹ̀.

Ní ti ìwúwo, Hilux ò gbọdọ̀ fa ju kìlógíráàmù 750 lọ bí tírélà náà ò bá ní búréèkì tirẹ̀. Bí tírélà bá sì ní búréèkì, ohun tí ìwé ọkọ̀ yín àti àwo ara tóòbáà bá sọ lẹ máa tẹ̀ lé, èyí tó kéré jù nínú méjèèjì. Nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń fà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ló yẹ kó tẹ bọ́ọ̀lù. Ẹ gbé ọrùn tírélà lé òṣùwọ̀n, ẹ ó rí i. Ẹ̀yìn ni ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ń wà, Yamaha 40 kan sì ju kìlógíráàmù 65 lọ, nítorí náà iwájú máa ń fúyẹ́ jù, tírélà á wá máa ju ìrù sọ́tùn-ún sósì lójú ọ̀nà Ìtóìkín. Ẹ sún ọkọ̀ náà síwájú lórí tírélà. Bó bá ti ń ju ìrù lórí eré, ẹ rọra ká ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀ tó ń mú ọkọ̀ sáré. Ẹ má tẹ búréèkì gán-ún.

Wáyà iná tí wọ́n ń kó mọ́ ọn ò dáa rárá. Áàtì tiẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì, gba ara bọ́ọ̀lù kọjá, gíríìsì àti ìpatà sì wà níbẹ̀, kò lè mú dáadáa. Bẹ́ ẹ bá tan tíráfíkétọ̀ tí iná búréèkì sì ń ṣẹ́jú pẹ̀lú rẹ̀, áàtì ni. Ẹ ní kí rewáyà fa wáyà funfun tiẹ̀ lọ́tọ̀ láti ara tírélà dé sókẹ́ẹ̀tì, kó sì dè é mọ́ ṣáàsì níbi tó ti ha ọ̀dà kúrò. Kó lẹ ojú ìsopọ̀ pẹ̀lú sódà, irin rírọ̀ tí wọ́n ń fi iná yọ́; kó má kàn lọ́ ọ kó sì fi táàpù wé e. Ẹ fi Vaseline díẹ̀ sẹ́nu púlọ́ọ̀gì.

Omi ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ò níyọ̀ tó ti òkun, àmọ́ ó ń ba irin jẹ́. Bẹ́ ẹ bá dé etí omi, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kẹ́ ẹ sì dúró títí ìdí táyà tírélà á fi tutù. Bẹ́rìn tó gbóná tó kàn wọnú omi tútù máa ń fa omi sínú ara rẹ̀, gíríìsì á funfun bí ọ̀rí, bẹ́rìn á sì kú. Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ fi omi ẹ̀rọ fọ tóòbáà, pàápàá inú ihò. Ẹ má fi apá sílẹ̀ nínú ihò náà títí lọ: ìpatà á mú un mọ́bẹ̀, ẹ ó sì máa wá ẹni tó máa fi iná yọ ọ́. Ẹ fi gíríìsì pa ara rẹ̀, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ sẹ́yìn ìjókòó. Ojúgun àwọn tó ń kọjá ní ọjà ẹja Olúwo á sì tún sinmi.

Ẹni tó ń fa ẹrù lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mélòó kan, kó yá ọkọ̀ tó ti ní in. Ẹni tó ń fà á lemọ́lemọ́, kó ra irin náà láìsí bọ́ọ̀lù, kó sì fi kálípà wọn ẹnu tírélà rẹ̀ kó tó lọ bá ẹni tó ń ta bọ́ọ̀lù.