Felele, rọ́bà tàbí aláwọ: bọ́ọ̀lù wo ló yẹ sẹ́ẹ̀tì àdúgbò ní Àkúrẹ́?

Bí ẹ bá yí ká Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, irú bọ́ọ̀lù mẹ́ta lẹ máa sábà rí nínú àwọ̀n tí wọ́n gbé kọ́ níwájú ìsọ̀: felele, bọ́ọ̀lù rọ́bà àti bọ́ọ̀lù aláwọ. Aláwọ nọ́ńbà 5 (nọ́ńbà ló ń sọ bí bọ́ọ̀lù ṣe tóbi tó) ló ń dán jù, òun làwọn ọmọ àdúgbò sì máa ń dáwó jọ rà. Lójú títì ọlọ́dà, òun náà ló ń tètè gbó jù. Kì í ṣe pé bọ́ọ̀lù ọ̀hún burú o. Ilẹ̀ tí wọ́n gbé e lé ni kò bá a mu.

Ká ti felele kúrò nílẹ̀ ná. Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, atẹ́gùn díẹ̀ ló ń gbé e sá lọ. Ó dára fún ọmọ kékeré nínú àgbàlá, torí bó bá bà á lójú kò ní dùn ún. Ẹ̀gún kan ṣoṣo tàbí etí páànù kan, ó tán, kò ṣeé lẹ̀.

Bọ́ọ̀lù rọ́bà la lè fọwọ́ sọ̀yà fún lójú títì. Ó nípọn, kò lójú rírán, nítorí náà ọ̀dà àti òkúta wẹ́wẹ́ kò rí òwú tí wọ́n máa jẹ. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ń ta sókè jù, bó bá sì ba itan láàárọ̀ kùtù, ó ń ta ni bí ẹgba. Títa sókè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún mọ́ńkì-pósìtì. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbá a: mẹ́rin sí mẹ́rin tàbí márùn-ún sí márùn-ún, òkúta méjì tàbí irin kékeré ni òpó, kò sí gólì tó ń fọwọ́ mú un. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá góòlù méjì wọlé ló dúró, sẹ́ẹ̀tì tó pàdánù á bọ́ síta kí òmíràn wọlé; àdúgbò mìíràn ń ka ìṣẹ́jú mẹ́wàá dípò góòlù. Níbi tí òpó kò ti ga tó orúnkún, bọ́ọ̀lù tó bá ń fò kọjá orí ènìyàn ti ba eré jẹ́.

Irú ìṣòro yìí kò jẹ́ tiwa nìkan. Juan Carlos Ceriani bẹ̀rẹ̀ eré tó di fútsàlì ní Montevideo, orílẹ̀-èdè Uruguay, lọ́dún 1930, fún ilẹ̀ líle inú gbọ̀ngàn. Ní Brazil, eré bọ́ọ̀lù wíwúwo ni wọ́n ń pè é, torí wọ́n ń ki nǹkan sínú bọ́ọ̀lù kó má baà ta sókè. Lónìí, nọ́ńbà 4 ni bọ́ọ̀lù fútsàlì: àyíká rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 62 sí 64, ìwọ̀n rẹ̀ gíráàmù 400 sí 440. Bí ẹ bá jù ú sílẹ̀ láti mítà méjì, títa àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà 50, kò sì gbọdọ̀ ju 65 lọ. Bí ẹ bá rí i rà, ẹ sanwó. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà 4 àwọn ọmọdé, tó jọ ọ́ lójú ṣùgbọ́n tó fúyẹ́. Ẹ jẹ́ kí géńdé kan gbé e sókè orí kó sọ ọ́ sílẹ̀ lórí kọnkéré. Bó bá ta kọjá àárín itan, kì í ṣe ti fútsàlì.

Aláwọ nọ́ńbà 5, pápá ni ààyè rẹ̀. Ẹ mú téèpù télọ̀ dání lọ sọ́jà: àyíká rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 68 sí 70, ìwọ̀n rẹ̀ láàárín gíráàmù 410 sí 450. Èyí tó fúyẹ́ jù, aṣọ abẹ́ awọ rẹ̀ kò pọ̀ tó, bó bá yá á gùn bí ẹyin. Ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì ya ojú rírán sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí òwú bá yọjú funfun, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Ẹ yí i lórí táìlì pẹ̀lú. Bó bá ń mì, tó ń tẹ̀ sí ibì kan, fáàfù, ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, ti wúwo ju apá kejì lọ.

Èyí tí wọ́n fọwọ́ rán, tó ní awẹ́ 32, ogún onígun mẹ́fà àti méjìlá onígun márùn-ún, ló dára jù nínú wọn. Ìlú Sialkot ní Pakistan gbajúmọ̀ fún rírán irú rẹ̀. Ohun tó mú wa yàn án ni pé aránbàtà lè tú ojú rírán díẹ̀, kó pààrọ̀ tíúbù, kó sì fi òwú oníìda rán an padà. Èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ kò gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀: bí etí awẹ́ kan bá ti ṣí, gọ́ọ̀mù òyìnbó yóò gan paali bí èèpo ni, á sì máa ha ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn ló ń pa bọ́ọ̀lù jù. PSI, ìyẹn ìwọ̀n bí atẹ́gùn inú nǹkan ṣe le tó, láàárín 8.5 sí 15.6 ni òfin eré bọ́ọ̀lù gbà. Táyà mọ́tò a máa gbà tó 30. Ẹ̀rọ fọkanáísà, táyà ni wọ́n ṣe é fún, kì í pẹ́ tó fi ń kọjá ààlà, ojú rírán á sì máa ya. Pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ kọ́kọ́ ka iye tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ fáàfù, ẹ kán gílísárìnì sí abẹ́rẹ́ pọ́ǹpù, kẹ́ ẹ tó tì í wọlé gbọọrọ. Bí kò bá sí, omi tàbí itọ́ yóò ṣe é. Ẹ má fi Vaseline tàbí epo ẹ́ńjìnì sí i, wọ́n ń jẹ rọ́bà. Abẹ́rẹ́ gbígbẹ ló ń ti fáàfù bọ́ sínú tíúbù, ìyẹn sì ti di iṣẹ́ aránbàtà.

Bó bá kún tó, àtàǹpàkò á tẹ̀ ẹ́ wọlé bí ìdajì ínṣì. Ti rọ́bà ojú títì lè rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ kó má baà fò, ṣùgbọ́n kó má rọ̀ débi pé bàtà ń tẹ ihò sí i, torí ibi tó ń ká ni rọ́bà ti ń sán. Nígbà ọyẹ́, ọwọ́ á rò pé atẹ́gùn rẹ̀ ti dín láàárọ̀. Ẹ má fi kún un. Bí oòrùn ọ̀sán bá mú, á tún le padà.