Syncthing: orin kan náà lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù àti tilé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lórin lórí kọ̀ǹpútà méjì, tó jẹ́ fláàṣì lẹ ṣì fi ń kó o lọ kó o bọ̀, ẹ lọ gba áàpù kan tó ń jẹ́ Syncthing. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux, ohun tẹ́ ẹ bá sì jù sínú fódà lórí ọ̀kan á yọ lórí ìkejì fúnra ẹ̀.

Dẹ́sítọ́ọ̀pù mi wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́, láptọ́ọ̀pù ni mò ń gbé lọ gbé bọ̀. Orin tó wà lórí wọn kì í ṣe èyí tí gbogbo ayé ní o, àpàlà àti sákárà àtijọ́ wà ńbẹ̀, ìjálá táwọn àgbà sun níbi ìnáwó tí wọ́n gbà sórí kaséètì wà ńbẹ̀, àwọn èèyàn ló ń gbé kaséètì ilé wọn wá pé kí n bá wọn gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Tírú ẹ̀ bá sọnù, ibo lèèyàn ti fẹ́ tún un rí?

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé kò jẹ dátà, tí méjèèjì bá ṣáà wà lórí Wi-Fi kan náà. Kọ̀ǹpútà méjèèjì ló ń bára wọn sọ̀rọ̀ tààrà, kò sí pé orin yín á kọ́kọ́ lọ jókòó sórí kọ̀ǹpútà ẹnì kan lókè òkun kó tó padà wá. Mo máa ń tan hotspot fóònù mi, màá pa dátà, màá so àwọn méjèèjì mọ́ ọn, orin á sì máa lọ wẹ́rẹ́. Fódà tó tó 50GB, ta ló fẹ́ ra dátà ìyẹn láyé táa wà yìí?

Ọ̀rọ̀ iná wá ńkọ́. Kọ̀ǹpútà méjèèjì gbọ́dọ̀ wà ní títàn lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn nira díẹ̀ fún wa níbí, àmọ́ tíná bá lọ láàárín, kì í bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó ń tọ́jú èyí tó ti gbà nínú fáìlì yẹn fún wákàtí 24, tíná bá dé á máa bá a lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìkan ló máa pẹ́ torí ó ní láti ka gbogbo fáìlì tán, láptọ́ọ̀pù á gbóná, fáànù á máa pariwo, ẹ ṣáà fi sílẹ̀.

Èyí tó kan àwa tá a ń fi àmì sórí orúkọ orin: kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà méjì tó ń gbà kọ lẹ́tà tó ní àmì, ó lè jẹ́ pé lẹ́tà àti àmì jẹ́ ọ̀kan, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, lójú wa bákan náà ni, lójú kọ̀ǹpútà orúkọ méjì ni. Syncthing ń tún ìyẹn ṣe lórí orúkọ fáìlì, inú mi dùn sí i gan-an. Àmọ́ kì í tún tag inú orin ṣe o, ìyẹn orúkọ olórin àti ti orin tí wọ́n kọ sínú fáìlì fúnra ẹ̀, torí náà tẹ́ ẹ bá rí olórin kan náà lẹ́ẹ̀mejì nínú player tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ orin, tag lẹ máa lọ tún kọ. Ẹ má sì fi àmì ìbéèrè sórúkọ fáìlì, Linux á gbà á, Windows ò ní gbà á rárá.

Ibi tó léwu rèé. Tẹ́ni kan bá pa orin rẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti pa á rẹ́ nílé náà nìyẹn. Ẹ lọ sí File Versioning, ẹ yan Trash Can, lórí kọ̀ǹpútà méjèèjì, kì í ṣe ọ̀kan, kí èyí tí wọ́n bá pa rẹ́ lè wà nípamọ́ sínú fódà kan tó ń jẹ́ .stversions. Torí ọmọ iṣẹ́ tó ń fọwọ́ kan dẹ́sítọ́ọ̀pù mi, mo ṣe fódà ńlá ní Send Only lórí láptọ́ọ̀pù, ìyẹn ni pé ó ń fi ránṣẹ́ nìkan, kì í gbà, ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ò lè dé ilé, fódà kékeré kan lọ́tọ̀ ni orin tuntun ń gbà wọlé.

Kí ẹ sì má fi fáìlì tí iTunes tàbí player mìíràn fi ń ṣàkọsílẹ̀ orin yín (library) sínú ẹ̀, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń ṣí player lórí méjèèjì pa pọ̀. Orin nìkan ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀, kí player kọ̀ọ̀kan ṣe àkọsílẹ̀ tiẹ̀. Tí fáìlì kan bá yí padà lápá méjèèjì kí wọ́n tó pàdé, kò ní da ìkankan nù, ẹ máa rí ẹ̀dà kan tí wọ́n kọ sync-conflict sí lórúkọ, ẹ yan èyí tẹ́ ẹ fẹ́.

Ti fóònù ò dùn mọ́ mi, wọ́n ti dáwọ́ áàpù Android tiwọn dúró lóṣù Kejìlá ọdún 2024, èyí táwọn ẹlòmíì ń bá lọ ló kù. Fún kọ̀ǹpútà sí kọ̀ǹpútà, mi ò tíì rí èyí tó dáa tó o. Àmọ́ ẹ ra háádì tó máa wà lọ́tọ̀, tí ò ní so mọ́ ìkankan nínú méjèèjì, kẹ́ ẹ máa kó kaséètì àwọn bàbá yín sí i.