Ọjọ́ tí kùrukùru bá bolẹ̀ ni kí ẹ lọ sí Peggy's Cove

Àwa ará Abẹ́òkúta tó ní ọmọ ní Kánádà ń pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì máa ń lọ kí wọn, tí a ò ní kúrò nílé àfi tí a bá fẹ́ lọ ra nǹkan, títí ọjọ́ ìpadàbọ̀ á fi pé. Bó bá jẹ́ Halifax ni ọmọ yín ń gbé, ẹ ní kó gbé yín lọ sí Peggy's Cove. Bó bá ní kí ẹ dúró dìgbà tí ojú ọjọ́ bá mọ́ kedere, ẹ má gbà fún un.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, la jọ lọ nínú oṣù Kẹfà. Ọmọ rẹ̀ ló wakọ̀. Abúlé apẹja ni Peggy's Cove, nǹkan bíi kìlómítà 43 sí Halifax, ní etí òkun Àtìláńtíìkì. Oòrùn ń ràn nígbà tí a kúrò nílé, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń sún mọ́ òkun ni ojú ọ̀nà ń funfun, tó fi di pé ẹ̀yìn ọkọ̀ tó wà níwájú wa nìkan la ń rí. Ẹ̀gbọ́n mi bèèrè pé, "Ṣé àwọn náà ń rí ọyẹ́ ni?" Kì í ṣe ọyẹ́. Ọyẹ́ tiwa gbẹ, eruku ló ń gbé wá, ó sì ń la ètè. Omi ni eléyìí, ó ń sẹ̀ sí ìpéǹpéjú ẹni. Afẹ́fẹ́ lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ń bọ̀ láti gúúsù ló ń kọjá lórí òkun tó tutù nini, òtútù náà á sì sọ omi inú rẹ̀ di kùrukùru. Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru wọn ló ń pọ̀ gan-an, torí omi òkun ò tíì gbóná nígbà yẹn.

Ẹni tó bá dàgbà sí abẹ́ Olúmọ á mọ òkúta Peggy's Cove bó bá ti tẹ̀ ẹ́. Òkúta líle tí wọ́n ń pè ní granite ni. Ṣùgbọ́n Olúmọ dìde dúró, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ gùn ún. Tiwọn nà sílẹ̀ gbalaja, ó ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ bá omi. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sọ pé ó ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 380 ọdún. Yìnyín ńlá tó bo ilẹ̀ náà nígbà láéláé ló fá ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀, nígbà tó sì yọ́, ó fi àwọn òkúta ràbàtà sílẹ̀ káàkiri. Nínú kùrukùru, ẹ ò ní mọ ibi tí òkúta parí sí. Ìró òkun ni ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́, á máa dún láti ìsàlẹ̀, ojú yín ò sì ní tó o.

Ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà ló sọ ibẹ̀ di olókìkí. Wọ́n kọ́kọ́ gbé iná síbẹ̀ ní 1868, ọdún 1915 sì ni wọ́n kọ́ èyí tó wà níbẹ̀ báyìí: ara rẹ̀ funfun, orí rẹ̀ pupa. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí rẹ̀ kí a tó rí i. Ó yọ sí wa, ó tún pòórá, orí pupa yẹn nìkan ló tún hàn. Ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ pé, "Ẹ má bínú, Mọ́mì, àná ló yẹ ká wá." Ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn pé, "Kí ni màá bínú sí? Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, ta ló ń wá iná? Irú òní ni wọ́n ṣe kọ́ ọ." Láti ìgbà yẹn, mi ò rí àwòrán ilé náà lábẹ́ ojú ọ̀run aláwọ̀ búlúù kí ọ̀rọ̀ yẹn má sọ sí mi lọ́kàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Òkúta tó gbẹ tó sì mọ́ ni kí ẹ máa tẹ̀. Èyí tó bá dúdú, omi ń dé ibẹ̀, ó sì ń yọ̀. Ìgbì ibẹ̀ kì í kéde ara rẹ̀: òkun lè rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, kí ìgbì kan ṣoṣo wá ga ju gbogbo ìyókù lọ. Ó ti gbé àwọn èèyàn lọ, wọ́n sì kú. Pátákó ìkìlọ̀ wà níbẹ̀, síbẹ̀ a rí àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ ya fọ́tò. Ní ọjọ́ kùrukùru, ẹ jìnnà sí etí omi ju bí ẹ ṣe rò lọ, kí ẹ sì di ọmọdé mú.

Orúnkún ẹ̀gbọ́n mi ò gba gígun òkúta mọ́. Inú mi dùn pé pèpéle fífẹ̀ kan wà tí wọ́n ṣí ní 2021, tí arúgbó àti ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ lè dé láìsí wàhálà. Orí rẹ̀ ló dúró sí, ó sì rí ohun tí èmi náà rí.

Ẹ má fi iṣẹ́ ọwọ́ oníṣẹ́ ọnà kan, William deGarthe, sílẹ̀ láìwò. Finland ni wọ́n ti bí i, ó sì lo àwọn ọdún tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀ láti gbẹ́ apẹja 32 pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ wọn sára àpáta tó gùn tó mítà 30. Nítòsí abúlé náà ni ibi ìrántí èèyàn 229 tó kú nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú Swissair já sínú òkun ní oṣù Kẹsàn-án 1998. A dákẹ́ níbẹ̀, a ṣàdúrà fún wọn.

Ní ti oúnjẹ, edé ńlá tí wọ́n ń pè ní lobster ni kí ẹ jẹ. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n ó dùn. Ẹ mú ata gígún dání. Ẹ wọ kóòtù tó nípọn, ooru Kánádà kì í ṣe ooru wa, kí bàtà yín sì jẹ́ èyí tó ń di ilẹ̀ mú.

Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé ilẹ̀ náà ṣì wà bó ṣe wà. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò tó ọgọ́rùn-ún, wọ́n ṣì ń pẹja. Láti 1962 ni òfin ti wà tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàn dédé kọ́lé sórí àwọn òkúta yẹn. Nílé níbí, a ń fọ́ òkúta wa ta, a sì ń kọ́lé bò ó títí dé ẹsẹ̀ òkè, ó sì ń dùn mí. A ò sanwó ìwọlé. Ilé àwọn èèyàn ni ẹ wọ̀, ẹ má yà sí àgbàlá wọn, ẹ má fọwọ́ kan pàkúté ẹja tí wọ́n tò sétí omi. Kí ẹ sì ti dé ibẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn bọ́ọ̀sì arìnrìn-àjò á dé, ẹ ò sì ní gbọ́ ìró òkun mọ́.