Linux Mint lórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀: mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún

Ká má fọ̀rọ̀ gùn, bẹ́ ẹ bá ní láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí Windows 11 kọ̀ láti wọ̀, ẹ fi Linux Mint sí i, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní "Linux tàwọn hákà ni jàre", àwọn ẹlẹ́sìn Linux náà á sì máa búra fún yín pé kò ní àléébù kankan, irọ́ làwọn méjèèjì ń pa, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Èyí tí mo ń lò ni Mint 22, Wilma ni wọ́n pè é, orúkọ obìnrin ni wọ́n máa ń sọ gbogbo ẹ̀, èyí àkọ́kọ́ tó jáde ní 2006 Ada ló ń jẹ́. Wilma jáde ní July 2024, wọ́n sì ní àwọn á máa bójú tó o títí di 2029. Clement Lefebvre, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń gbé ní Ireland, ló dá a sílẹ̀. Orí Ubuntu, tóun náà jẹ́ Linux, ni wọ́n gbé e kà, Ubuntu náà wà lórí Linux míì tó ń jẹ́ Debian, Debian ti wà láti 1993, kò sì sẹ́ni tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kejì kó tó jẹ́ kó mú iṣẹ́ òun lò. Ẹ rántí ìyẹn o, torí mò ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ bínú díẹ̀ ná. October 14, 2025 ni Microsoft jáwọ́ nínú Windows 10. Láti ọjọ́ yẹn, bí ihò kan bá wà lára ẹ̀ táwọn olè lè gbà wọlé, àwọn ò ní dí i fún yín mọ́, àyàfi bẹ́ ẹ bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan tí wọ́n ní 30 dọ́là ni, tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kí sẹ́tínsì kọ̀ǹpútà yín máa lọ sórí àkáǹtì Microsoft. Àwọn ará Yúróòpù pariwo, wọ́n sì fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwa ńkọ́? Windows 11 tí wọ́n ní ká bọ́ sí, ó ní dandan kí TPM 2.0, ohun kékeré kan tó ń ṣọ́ àṣírí kọ̀ǹpútà, wà nínú ẹ̀rọ, tó bá sì jẹ́ Intel ni ọpọlọ ẹ̀, kó jẹ́ 8th gen, ìyẹn ìran kẹjọ, sókè. Ẹ wá lọ wo Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ wo àwọn ThinkPad àti Latitude tí ilé-iṣẹ́ òyìnbó ti lò tì tí wọ́n kó wá fún wa, 4th gen, 6th gen ló pọ̀ níbẹ̀, Core i5 tó ṣì le koko, RAM 8GB, kò sí nǹkan tó ṣe é. Wọn ò ní ó bàjẹ́ o, wọ́n ní ó ti dàgbà. Ta ló dàgbà? Ẹ̀rọ tó ń tẹ ìwé, tó ń wo fídíò, tó ń ṣe Zoom láìhúkọ́!

Mo mọ ohun tí bọ̀dá tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe máa sọ. Á ní kẹ́ ẹ má dà á láàmú, òun mọ ọ̀nà tóun á gbà fipá ti Windows 11 wọ inú ẹ̀, òun á sì fi activator sí i tí ò ní máa bèèrè owó. Ta ló ṣe activator yẹn? Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Kí ló tún wà nínú ẹ̀? Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Orí ẹ̀ náà lẹ sì ti fẹ́ máa tẹ pásíwọọ̀dù báńkì yín, ẹ kú oríire.

Ó yá, Mint fúnra ẹ̀. Fáìlì ẹ̀ tó 3GB, mo mọ̀ pé dátà ti wọ́n látìgbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, ti fọwọ́ sí i ní January 2025 pé káwọn onífóònù fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn, torí náà bẹ́ ẹ bá lọ́rẹ̀ẹ́ tó ti ní i, ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ sórí fláàṣì, kò sófin tó ní kẹ́ ẹ má pín in, kódà wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ pín in ni. Ètò kékeré tó ń jẹ́ Rufus tàbí Ventoy lẹ máa fi gbé e sórí fláàṣì. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú jù níbẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá fi fláàṣì yẹn tan láptọ́ọ̀pù, gbogbo Mint á ṣí lórí fláàṣì láìfọwọ́ kan Windows yín, ẹ lè wò ó bóyá Wáì-fáì ń ṣiṣẹ́, bóyá sípíkà ń dún, bí kò bá wù yín ẹ yọ ọ́, kò séyìí tó ṣẹlẹ̀. Ìgbà tó bá wù yín lẹ máa wá tẹ Install, kẹ́ ẹ sì rí i pé bátìrì kún dáadáa nítorí àwọn oníná.

Ojú ẹ̀ ò ṣàjèjì rárá. Cinnamon ni wọ́n ń pe ojú yẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nígbà tí GNOME 3, ojú Linux míì, dé ní 2011 tó da gbogbo nǹkan rú táwọn èèyàn ń ráhùn. Méńù wà nísàlẹ̀ lápá òsì, aago wà lápá ọ̀tún, bíi Windows 7 tí gbogbo wa fẹ́ràn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jókòó sídìí ẹ̀, ó tẹ lẹ́tà, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó dìde, kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Ọ́pdéètì ẹ̀ kì í fipá mú yín, ó máa sọ fún yín pé ọ́pdéètì wà, bó ṣe tóbi tó, ó di ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kò ní máa jẹ dátà yín lóru, kò sì ní pa ara ẹ̀ tún ara ẹ̀ tàn nígbà tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Timeshift tún wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti tan án, tẹ́ ẹ wá ba nǹkan jẹ́, á dá ètò ẹ̀rọ padà sí bó ṣe wà nígbà tó fi pa á mọ́ kẹ́yìn. Kíbọọ̀dù Yorùbá náà wà nínú ẹ̀ láti ilé, ẹ lọ sí Keyboard, ẹ mú Nigeria, ẹ máa rí Yorùbá, ẹ, ọ, ṣ àtàwọn àmì ohùn wà níbẹ̀, òun ni mo fi ń tẹ èyí tẹ́ ẹ̀ ń kà yìí. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá mú Yorùbá fún èdè kọ̀ǹpútà gangan, púpọ̀ nínú méńù ló ṣì máa jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ ìtúmọ̀ yẹn ò tíì lọ jìnnà.

Ibi tó ti máa dùn yín wá ńkọ́? Lákọ̀ọ́kọ́, Wáì-fáì. Àwọn láptọ́ọ̀pù kan wà tó jẹ́ Broadcom ni wọ́n fi ṣe Wáì-fáì wọn, kò ní jí lójú ẹsẹ̀, ẹ máa ní láti lọ sí Driver Manager, òun náà sì máa ní kẹ́ ẹ mú íntánẹ́ẹ̀tì wá, ó pa yín lẹ́rìn-ín àbí? Wáyà fóònù lẹ máa fi ṣe é, ẹ so fóònù mọ́ ọn, ẹ tan USB tethering, á gbà. Pírińtà olówó pọ́ọ́kú kan tí mo ní kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò mọ Linux rí, ìyẹn wà nílé di báyìí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ próójẹ́ẹ̀tì, LibreOffice, tó ń ṣiṣẹ́ bíi Microsoft Word, á ṣe é fún yín, àmọ́ Times New Roman tí lẹ́kíṣọ̀ fẹ́ kò sí níbẹ̀ látilẹ̀, Liberation Serif ló wà, fífẹ̀ lẹ́tà wọn dọ́gba torí náà ojú ìwé ò ní yí padà, ṣùgbọ́n tí lẹ́kíṣọ̀ yín bá jẹ́ oníwàhálà, ẹ wá ttf-mscorefonts-installer, Times gangan á wọlé. Sọ́fítíwíà ìdánrawò JAMB tí wọ́n ń tà kiri, púpọ̀ ẹ̀ jẹ́ ti Windows, Wine, ètò tó ń ṣí sọ́fítíwíà Windows lórí Linux, máa ń ṣí òmíì, kì í ṣí òmíì. Fortnite àti Valorant, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ, nítorí CorelDRAW ni. Ẹ lọ Ṣómólú níbi tí wọ́n ti ń tẹ káàdì ìkésíni, kàlẹ́ńdà àti ìwé ìsìnkú, CorelDRAW lẹ máa bá níwájú wọn, fáìlì .cdr sì ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Inkscape, ètò ọ̀fẹ́ tó jọ ọ́, lè ṣí .cdr, àmọ́ ẹ má gbọ́kàn lé e, lẹ́tà á sún, àwọ̀ á yí, oníbàárà á bínú. GIMP 3.0, ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, tó jáde ní March 2025 ti dára gan-an, kò tíì di Photoshop. Ẹni tó bá jẹ́ pé ibi tó ti ń jẹun nìyẹn, mi ò ní parọ́ fún un, kó dúró sórí Windows.

Ohun tí ọ̀pọ̀ yín ò mọ̀ ni pé CorelDRAW ti wà lórí Linux rí. Ní 1999 Corel ṣe Linux tiẹ̀, ní 2000 ó gbé CorelDRAW 9 fún Linux jáde. Ní October ọdún yẹn kan náà, Microsoft kó 135 mílíọ̀nù dọ́là sínú Corel, nígbà tó máa fi di 2001 Corel ti ta apá Linux ẹ̀ dànù. Mi ò sọ nǹkan kan o, ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀ fúnra yín.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè ṣe àyẹ̀wò Mint kí n má sọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá wọ̀nyí. Orí pírińtà ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Richard Stallman wà ní MIT ní Amẹ́ríkà, Xerox fún wọn ní pírińtà tuntun, pépà ń há sínú ẹ̀ ṣáá, ó fẹ́ tún kóòdù ẹ̀ ṣe kó lè máa ké sáwọn èèyàn tí pépà bá ti há, bó ṣe ṣe ti tẹ́lẹ̀, wọ́n ní rárá, kóòdù yẹn àṣírí ni. Ó lọ bá ẹnì kan tó ní i lọ́wọ́ ní Carnegie Mellon, ìyẹn ní òun ti ṣèlérí pé òun ò ní fún ẹnikẹ́ni. Inú bí i. Ní 1983 ó kéde GNU, pé òun á kọ gbogbo sọ́fítíwíà tuntun téèyàn lè ṣí wò, tún ṣe, kó sì pín. Ní 1991 Linus Torvalds, ọmọ yunifásítì ní Helsinki, kọ Linux, ọdún tó tẹ̀ lé e ló fi í sábẹ́ láísẹ́ǹsì Stallman. Lónìí, kọ̀ǹpútà 500 tó yára jù láyé, Linux ni gbogbo wọn ń lò láti November 2017, fóònù Android tó wà lọ́wọ́ yín náà, Linux ló wà nídìí ẹ̀.

Steve Ballmer tó jẹ́ ọ̀gá Microsoft nígbà yẹn pe Linux ní jẹjẹrẹ ní 2001. Ní 2018 Microsoft kan náà fi 7.5 bílíọ̀nù dọ́là ra GitHub, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ ń kó kóòdù wọn sí. IBM ra Red Hat, ilé-iṣẹ́ tó ń ta Linux fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, ní 34 bílíọ̀nù dọ́là ní 2019, ní 2023 Red Hat ní ẹni tó bá fẹ́ kóòdù RHEL, Linux tó ń tà, gangan kó wá di oníbàárà òun. Ẹ ò rí i? Wọn ò bá a jà mọ́, wọ́n ń jẹ ẹ́ ni.

Àwọn tó ń kọ ọ́ ńkọ́? Ní 2014 tí ihò kan tí wọ́n ń pè ní Heartbleed bẹ́ sílẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú àṣírí ọ̀pọ̀ sáìtì, ibẹ̀ layé ti gbọ́ pé OpenSSL, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tó ń bo àṣírí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, táwọn báńkì pàápàá ń lò, nǹkan bíi 2,000 dọ́là péré ló ń rí lọ́dọọdún gẹ́gẹ́ bí ọrẹ. Ní March 2024, ẹnì kan ti fi ọdún méjì ó lé ṣe bí ọmọlúàbí wọ inú xz, ètò kékeré tó ń fún fáìlì pọ̀ lórí Linux, ó ràn ọkùnrin tó ń dá iṣẹ́ ọ̀hún ṣe tó ti rẹ̀ lọ́wọ́, ó wá ki ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí olè lè gbà wọlé, bọ inú ẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ Andres Freund tó rí i pé SSH òun, ohun téèyàn fi ń wọ kọ̀ǹpútà míì láti òkèèrè, ń pẹ́ ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá, ló jẹ́ kó tọpinpin ẹ̀. Ibi iṣẹ́ ẹ̀? Microsoft kẹ̀. Ọlọ́run náà máa ń fi nǹkan ṣẹ̀fẹ̀.

Ọrẹ àti owó àwọn onígbọ̀wọ́ ni Mint fi ń jẹun, wọ́n sì máa ń sọ iye tó wọlé lóṣooṣù. Ní 2020 tí Ubuntu fẹ́ máa gba ẹ̀yìn ti Snap, ọ̀nà tiẹ̀ tó fi ń pín sọ́fítíwíà, wọ ẹ̀rọ àwọn èèyàn, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ Chromium tẹ́ ẹ fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, ó fún yín ní Snap láìbi yín, Mint ní rárá, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ní Mint 20. Ohun tó jẹ́ kí n gbẹ́kẹ̀ lé wọn nìyẹn, kì í ṣe pé wọ́n gbọ́n jù. Tí káàdì náírà yín ò bá gbà láti fi san, ẹ lọ sí Launchpad, sáìtì tí wọ́n ti ń ṣe ìtúmọ̀, ẹ bá wọn túmọ̀ méńù sí Yorùbá, owó náà nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, RAM tó bá tó 4GB sókè, ẹ mú Cinnamon, èyí tí ò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ mú Xfce, ó fúyẹ́. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dáńlóòdù ẹ̀, orí linuxmint.com nìkan ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, ì báà sì jẹ́ ọ̀rẹ́ ló fún yín, ẹ yẹ fáìlì ọ̀hún wò, torí ní February 2016 àwọn olè já wọ sáìtì wọn, wọ́n yí líǹkì Cinnamon 17.3 sí èyí tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà nínú ẹ̀, àwọn Mint fúnra wọn ló jáde sọ ọ́. Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ certutil -hashfile, orúkọ fáìlì, lẹ́yìn náà SHA256, ẹ wá fi nọ́ńbà gbọọrọ tó bá jáde wé èyí tó wà lórí sáìtì wọn. Bí ẹyọ kan péré bá yàtọ̀, ẹ pa fáìlì yẹn rẹ́, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá yín ló fún yín.