Kíláàsì àròkọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọ kan ní Iléṣà

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí bóyá kí ọmọ yín lọ ka Gẹ̀ẹ́sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọ tí mo ti jáde níhìn-ín ní Iléṣà, èsì mi ni pé kó lọ, bó bá jẹ́ pé bí a ṣe ń kọ̀wé ló fẹ́ kọ́. Bó bá jẹ́ pé lítíréṣọ̀ ló ń wá, kó gba Ifẹ̀ lọ. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ dáadáa, nítorí owó ilé ìwé náà kì í ṣe kékeré, ọdún mẹ́ta tí NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́, sì máa gbà kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà, torí mo máa sọ àwọn ibi tó kù sí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó bi mí ní kọ̀rọ̀.

Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú CRS, ìyẹn ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Kristẹni, ni mo kà. Kíláàsì àròkọ, tí a ṣe ní ọdún kejì, ni mo máa kọ́kọ́ sọ. Màmá kan ló ń kọ́ wa, ìyàwó olùṣọ́àgùntàn, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àròkọ. A ò pọ̀ nínú kíláàsì náà. Ó mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wa lórúkọ, ó sì mọ irú àṣìṣe tó wà lọ́wọ́ oníkálukú. Iṣẹ́ tí o bá fi sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, kó tó di ọjọ́ Ẹtì á ti padà sọ́wọ́ rẹ, bíírò pupa á sì ti kún inú rẹ̀. Kì í fún ẹnikẹ́ni ní máàkì lórí ìwé àkọ́kọ́. Wàá tún un kọ, wàá tún mú un lọ, wàá wá dìde kà á sókè níwájú gbogbo kíláàsì kí etí ìwọ fúnra rẹ lè gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti há. Lẹ́yìn ìyẹn ni máàkì.

Iṣẹ́ kan tó fún wa wà lọ́kàn mi dòní. Ó ní kí a lọ sí Òkè-Oyè níhìn-ín ní Iléṣà, kí a bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀ nípa ìsọjí 1930, kí a sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ohun tí a bá gbọ́. Ta ni kò mọ ìtàn yẹn ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà? Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ti ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà kí ìpè tó dé bá a ní 1928, ló wá wàásù níbẹ̀, èrò wọ́ wá láti ìlú gbogbo, wọ́n ń gbé omi wá kó gbàdúrà sí i. Ọ̀pọ̀ nínú kíláàsì kọ ọ́ bí ẹni ń wàásù. Ìpínrọ̀ kìíní yin Ọlọ́run, ìkejì yin Ọlọ́run, ìkẹta ní kí ẹni tó ń kà á ronú pìwà dà.

Màmá Àròkọ kò bínú. Ó fàlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ńláńlá tó wà níbẹ̀, ó sì ń kọ ìbéèrè sétí ìwé. Kí ni wọ́n fi gbé omi náà? Ta ló rí i, ta ló sì sọ fún ọ? Ẹni tó ti ìlú mìíràn wá, báwo ló ṣe dé Iléṣà láyé ìgbà yẹn, níbo ló sì sùn? Ó ní ẹni tó bá gbà pé nǹkan ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ kì í bẹ̀rù àtisọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń jókòó nítòsí mi padà lọ bá ìyá àgbà kan, ìyá náà sì ròyìn fún un bí ìyá tó bí òun ṣe gbé ìkòkò omi lérí tó pọn ọmọ sẹ́yìn, tó fẹsẹ̀ rìn láti abúlé wọn, tó sì sun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹni tí kò mọ̀ rí. Ohun tó kọ nìyẹn, ojú ewé kan péré, kò sí ìwàásù kankan nínú rẹ̀. Bó ṣe kà á tán, gbogbo kíláàsì ké Halelúyà. Èmi gbà pé kò sí ilé ìwé tó lè kọ́ ènìyàn ní kíkọ ju báyẹn lọ.

Ohun mìíràn tí mo yìn ín fún ni pé kò ka Yorùbá léèwọ̀. Yorùbá la máa fi jíròrò ohun tí a fẹ́ kọ títí yóò fi yé wa, kí a tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàn án. Ó sì mọ ibi tí ọmọ Yorùbá ti ń ṣubú. “Ó” kan náà là ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin, ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í sì í yí padà nítorí àná tàbí òní. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ ka iṣẹ́ wa látòkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nítorí “he” àti “she” nìkan, ká tún kà á lẹ́ẹ̀kan nítorí àsìkò ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan. Àwọn òbí kan fajú ro sí ọ̀rọ̀ Yorùbá yìí, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn sanwó fún. Èmi a máa rán irú wọn létí Módákẹ́kẹ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ títí dé kíláàsì kẹfà, wọ́n sì wá olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú tó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin. Nígbà tí ọdún mẹ́fà pé, àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ló ṣe dáadáa jù nínú àwọn iṣẹ́ yòókù, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn.

Kíláàsì ìró kò burú. Kò sí v, z àti th nínú Yorùbá, olùkọ́ wa sì ní kí a mú dígí kékeré wá ká lè máa wo bí eyín òkè ṣe ń kan ètè ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ tó yẹ kí a máa fi gbọ́ ohùn ti bàjẹ́ kí n tó wọlé, wọn ò tún un ṣe títí mo fi jáde.

Lítíréṣọ̀ ló dùn mí jù. Olùkọ́ á ka nóòtì, àwa á máa kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ la ṣe eré onítàn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìṣí ìwé náà wò nínú kíláàsì. Ìwé pélébé tí olùkọ́ ń tà sì di dandan. Bẹ́ẹ̀ Ifẹ̀ rèé, tí ènìyàn lè lọ kó bọ̀ lóòjọ́, níbi tí Wọlé Ṣóyínká àti Ọlá Rótìmí ti kọ́ni. Wọn ò kó wa lọ wo eré kankan rí. Ilé ìkàwé ní ìwé, àmọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì ni èyí tó dára jù wà.

Ní ti ìsìn àárọ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀, ó sì fún mi lókun lọ́dún tí bàbá mi ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n bí ìwàásù bá gùn, kíláàsì aago mẹ́jọ ló máa ń fara gbá a, Gẹ̀ẹ́sì ló sì sábà máa ń bọ́ sí aago yẹn. Kí àwọn aláṣẹ gbé e sí ọ̀sán.

Mo ń kọ́ kíláàsì karùn-ún ní Ìṣọ̀kùn báyìí, ìbéèrè etí ìwé yẹn ni mo sì ń kọ fún àwọn ọmọ mi.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àròkọ ọmọ ọdún kejì kan hàn yín, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n tún un kọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ sì bèèrè bóyá Màmá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, torí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì wọn ti sún mọ́. Bí wọ́n bá ti lọ, ẹ ní kí ẹni tó gba kíláàsì náà wá bá yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù.