Ṣọ́bìrì yìnyín tó ṣeé tú palẹ̀ àti ayùn rẹ̀: àgbéyẹ̀wò ẹni tó fi wọ́n gbẹ́lé sùn

Bí àwọn èèyàn bá fẹ́ ra ṣọ́bìrì tí wọ́n máa fi kọ́lé yìnyín, ojú rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, bóyá ó fẹ̀ tó. Ọ̀pá rẹ̀ ni èmi ń wò. Ìta gbangba kọ́ ni a ti ń mọ ṣọ́bìrì tó dáa. Inú ihò tí èèyàn ti ń dùbúlẹ̀ gbẹ́ yìnyín, tí orí ń kan òrùlé, ibẹ̀ ni gbogbo àléébù rẹ̀ ti ń yọjú.

Alumíníọ́mù ni èyí tí mo ń lò. Ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ méjì tó wọnú ara wọn, bọ́tìnnì kékeré kan ló so wọ́n pọ̀, ibi tí ọwọ́ ń dì mú sì rí bíi lẹ́tà D. Ayùn yìnyín kan wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú àpò kan náà. Ilé òkìtì tí wọ́n ń pè ní quinzhee ni mo máa ń fi kọ́ jù.

Fún ẹni tí kò tíì kọ́ ọ rí, quinzhee kì í ṣe igloo. Yìnyín líle tí atẹ́gùn ti tẹ̀ pọ̀ ni igloo ń fẹ́, èyí tó ṣeé gé ní búlọ́ọ̀kù, tí a ó máa tò yípo títí yóò fi pàdé lókè. Quinzhee kò yan yìnyín, èyí tó fúyẹ́ pàápàá ṣe é lò fún un. A ó kó o jọ di òkìtì, bíi mítà 2 sókè àti mítà 3 ní fífẹ̀ fún èèyàn méjì tàbí mẹ́ta. A ó fi í sílẹ̀ fún wákàtí méjì, ó kéré tán, kí a tó gbẹ́ inú rẹ̀. Ṣọ́bìrì ti fọ́ yìnyín náà wẹ́wẹ́, nítorí náà bó bá ti jókòó jẹ́ẹ́, àwọn hóró rẹ̀ á so mọ́ra wọn, òkìtì á sì le. Ẹni tó bá kánjú gbẹ́ ẹ, ó lè wó lé e lórí.

Níbi kíkó jọ, ṣọ́bìrì yìí kò yá. Èyí tí wọ́n fi ń kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà yá jù ú lọ fíìfíì. N kò ka ìyẹn sí àléébù. Ojú ńlá ń kó ẹrù wúwo, ẹrù wúwo ń mú èèyàn làágùn, aṣọ tí òógùn bá sì ti rin, kò ní jẹ́ kí ara móoru lóru. Ẹ bọ́ ẹ̀wù kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ní ìbọ̀wọ́ gbígbẹ mìíràn nínú ẹrù yín.

Bí a bá ti rákò wọlé ni ṣọ́bìrì yìí wá di ààyò mi. Mo lè yọ apá kan ọ̀pá náà kúrò pátápátá kí n ki ibi ìdìmú bọ ojú rẹ̀ tààrà. Á kúrú, ọwọ́ kan á sì tó láti fi gbẹ́ lórí ìdùbúlẹ̀. Ṣọ́bìrì tí ọ̀pá rẹ̀ kò ṣeé sọ di kúkúrú ń gún ògiri ní gbogbo ìgbà. Ihò kejì tún wà lẹ́yìn ojú rẹ̀: bí mo bá ki ọ̀pá bọ ibẹ̀, ṣọ́bìrì di ọkọ́. Màá jókòó, màá máa wọ́ yìnyín sọ́dọ̀ ara mi, ẹnì kejì á sì máa fà á jáde lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnì kejì yẹn gbọ́dọ̀ wà níta ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ń gbẹ́ inú, nítorí òrùlé kì í sọ tẹ́lẹ̀ kó tó wó.

Kí ògiri má baà fẹ́lẹ́ jù, a máa ń ki igi wẹ́wẹ́ tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30 bọ ara òkìtì láti ìta. Ibi tí orí igi bá ti yọ ni gbígbẹ́ parí. Alumíníọ́mù dáa níbí gan-an, torí ó ń dún yàtọ̀ bó bá kan igi, kódà kí iná tí a so mọ́ iwájú orí ti máa kú lọ. Ẹ̀yìn ojú rẹ̀ ni mo fi ń họ òrùlé kó dán. Ibi tó bá ṣe kókó ni omi á ti máa kán sórí àpò ìsùn. Bó bá dán, omi á gba ara ògiri sọ̀kalẹ̀.

Pèpéle tí a ó sùn sí gbọ́dọ̀ ga ju ẹnu ọ̀nà lọ, nítorí atẹ́gùn tútù ń wálẹ̀, èyí tó móoru díẹ̀ ń dúró lókè. Bí ìta bá tutù dé díígírì 20 sísàlẹ̀ òdo, inú lè wà nítòsí òdo gan-an. Ọ̀pá ṣọ́bìrì náà ni mo fi ń lu ihò afẹ́fẹ́ sí òrùlé. Mo ń fi yí i kó lè fẹ̀, mo sì máa ń tún un lù lóru bí yìnyín bá dí i. N kì í dáná sítóòfù nínú ilé yìnyín rárá. Carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tí sítóòfù lè tú jáde, kò ní òórùn. Inú ilé náà sì ni ṣọ́bìrì ń sùn, bí atẹ́gùn bá kó yìnyín dí ẹnu ọ̀nà, kí ni a ó fi gbẹ́ ara wa jáde?

Bọ́tìnnì yẹn ló ń bí mi nínú. Yìnyín ń wọ ibẹ̀, á yọ́ díẹ̀, á tún dì, bọ́tìnnì á sì kọ̀ láti wọlé. Ìbọ̀wọ́ nípọn kò lè tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ lásán sì lè lẹ̀ mọ́ irin nínú òtútù bẹ́ẹ̀. Mo máa ń yọ apá kan ọ̀pá náà kúrò níta, nígbà tí òkìtì ṣì ń sinmi, dípò kí n máa bá a jà nínú ihò. Wọn ò fi nǹkan kan bo ọ̀pá náà náà, mo fi téèpù wé e fúnra mi.

Ní ti ayùn, ó kúrú, ó sì ń tẹ̀ bó bá pàdé yìnyín líle. Ó gé etí ẹnu ọ̀nà dáadáa, ó sì gé búlọ́ọ̀kù kan tí mo fi ń dí apá kan ẹnu ọ̀nà. N kò ní gbé e lọ kọ́ igloo. Bí wọ́n bá ń ta ṣọ́bìrì náà láìsí ayùn, ẹ rà á bẹ́ẹ̀.