Ìkìlọ̀: ẹ ṣọ́ra fún oníwáyà kéèjì tó ń fi géèjì 19 pe 16

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kan kéèjì ehoro, ti adìẹ tàbí ti ẹyẹlé, ẹ dúró ná kẹ́ ẹ tó sanwó wáyà. Oníṣòwò kan wà tó ń polówó wáyà nẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbájúẹ̀ pọ́ńbélé ló ń ṣe. Àwòrán ojúlówó ló ń gbé síta, wáyà jákujàku ló ń fi ránṣẹ́.

Bó ṣe ń ṣe é rèé. Géèjì ni wọ́n fi ń mọ bí wáyà ṣe nípọn tó, òdì sì ni nọ́ńbà rẹ̀ ń lọ: bó ṣe ń pọ̀ sí i ni wáyà ń tín-ín-rín sí i. Géèjì 16 tó nǹkan bíi mílímítà 1.6, géèjì 19 kò ju nǹkan bíi mílímítà 1 lọ. Géèjì 16 ni mo béèrè. Ọ̀gbẹ́ni ní ó ti tán, pé òun á bá mi ṣe é, òun á fún mi ní "èyí tó ga jù ú lọ", 19, ní iye owó kan náà. Ẹnu dùn-ún ròfọ́! Ẹni tí kò bá mọ̀ á tún máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní rárá, ló bá ní òun ti rí 16. Nígbà tó dé, mo fi kálípà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó, wọ̀n ọ́n, kò pé mílímítà 1. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára sì ń pariwo 16.

Ẹ yẹ oríkèé wáyà náà, ìyẹn ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀, wò dáadáa. Èyí tí wọ́n jó pọ̀ tán kí wọ́n tó rì í sínú síǹkì yíyọ́ (mẹ́táàlì tí kì í jẹ́ kí wáyà tètè dógùn-ún), síǹkì á bo oríkèé rẹ̀ mọ́lẹ̀, á rí gbágungbàgun lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n ti fi síǹkì sí lára kí wọ́n tó jó o, iná á ti jẹ síǹkì ojú ibẹ̀, ẹ ó rí àpá dúdú kékeré. Ibẹ̀ ló ti máa ń kọ́kọ́ dógùn-ún, pàápàá nílẹ̀ kéèjì tí ìtọ̀ ehoro ń kán sí. Irú èkejì yìí ló ń tà lórúkọ ti àkọ́kọ́. Mo fi ẹ̀mú di igun kan mú, mo tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, ni oríkèé bá ń já tẹ̀léra bí òwú tó ti jẹrà.

Ìdì rẹ̀ náà ń tanni. Ó máa ń ká a kí àárín rẹ̀ ṣófo, kó lè rí rọ̀bọ̀tọ̀. Ẹ tú u, ẹ fi téèpù wọn gígùn rẹ̀ lójú ẹni tó gbé e wá. Ó ní tẹ́ ẹ bá ti tú u, òun ò gbà á padà mọ́. Ẹ̀yin náà mọ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ó tún ń ta wáyà onígun mẹ́fà, èyí tí wọ́n kàn lọ́ mọ́ra, ó ní ajá ò lè ya á. Irọ́ ni. Kí adìẹ má jáde ni wọ́n ṣe é fún. Ajá tí ebi ń pa á fà á ya.

Nísinsìnyí, ó ti ń fi pákó kún un. Tí pákó bá ní àwọ̀ ewé nínú nígbà tẹ́ ẹ gé e, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí wọ́n fi oògùn aláséníìkì (májèlé ni) sí kí ikán má jẹ ẹ́. Láti òpin ọdún 2003 ni wọ́n ti ṣíwọ́ lílò ó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ilé ní Amẹ́ríkà, àmọ́ pákó àlòkù pọ̀ nílẹ̀. Eyín ehoro kì í dẹ́kun dídàgbà, ó sì máa ń ha igi jẹ. Ẹ má fi irú pákó bẹ́ẹ̀ síbi tí ẹnu rẹ̀ lè dé, kódà bí wọ́n bá kùn ún.

Orúkọ tó ń lò ń yí padà, nítorí náà ẹ má wo orúkọ. Ẹ ní kó fi àwòrán oríkèé wáyà ránṣẹ́ láti itòsí, kẹ́ ẹ sì má sanwó kí ọjà tó dé. Ẹ̀yin tó ti lù ní jìbìtì, ẹ tọ́jú rìsíìtì àti gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ jọ sọ. Ohun tí báǹkì máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn tẹ́ ẹ bá lọ fẹjọ́ sùn.